Ṣé kíláàsì àti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá lè jọ kọ́ àgbàlagbà níṣẹ́? Ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Akọ̀wé_Mákùn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ṣágámù níbí. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wa. Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀, àwọn tí ilé iṣẹ́ dá dúró náà sì wà níbẹ̀. Láti ìpàdé ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa: àwọn tó ti lé ní ọgbọ̀n, ogójì ọdún, tí wọ́n fẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, kò síbi tó gbà wọ́n. Bí wọ́n bá tọ ọ̀gá lọ, ọ̀gá á ní ọdún mẹ́ta, àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n sì máa gbálẹ̀. Bí wọ́n bá lọ sílé ẹ̀kọ́, àárọ̀ ni kíláàsì, ọjà wọn á ti kú kí wọ́n tó jáde.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń rò rèé. Lọ́sẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ méjì nínú kíláàsì, kí tíṣà kọ́ wọn ní ìdí iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Ọjọ́ tó bá kù jẹ́ ti òwò wọn. Oṣù mẹ́sàn-án la fẹ́ kó gbà. Ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá á jọ mọ ohun tí oníkálukú ń kọ́ wọn. Ẹgbẹ́ á yá wọn lówó irinṣẹ́. Aṣọ rírán, irin jíjó, àti iná pẹ̀lú sólà la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi tú u wò. Mi ò wá ìyìn o, ibi tó ti máa fọ́ ni mo ń wá.

Ajórin_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Èmi á sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ti gba àgbàlagbà ṣe ọmọ iṣẹ́ rí, mi ò sì fẹ́ gbà mọ́. Kì í ṣe pé wọn ò ní ọpọlọ o. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bí mo bá ní kó lọ ra ẹlẹ́tíródù wá, ó ti sáré lọ ó ti sáré bọ̀. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó jù mí lọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ rán an? Bí mo bá bá a wí níwájú oníbàárà, ó dìjà. Bí kò bá wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ọmọdé ní òbí tó fà á lé mi lọ́wọ́. Àgbàlagbà, òun fúnra ẹ̀ lòbí.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣe ọdún mẹ́ta, ọdún kìíní ló fi ń ba irin mi jẹ́. Ọdún kejì, á máa gé, á máa lọ ojú irin. Ọdún kẹta ló tó jó géètì tí mo lè gbé fún oníbàárà láìtún un jó. Ọdún kẹta yẹn lèrè mi wà. Ẹ wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù bíi mélòó kan, kó sì máa lọ. Èrè tèmi dà?

Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tó wà lọ́dọ̀ wa níbí. Láti 1956 tí Tai Solarin ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi oko àti iṣẹ́ ọwọ́ kún ìwé fáwọn ọmọ yẹn. Ọmọdé ni wọ́n fi ṣe é.

Ọlọ́kadà_Ògèrè

Sólà lèmi fẹ́ kọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: lọ́jọ́ kíláàsì àti lọ́jọ́ ọ̀gá, ta ló máa bọ́ ilé mi? Ọjọ́ tí mi ò bá gùn ún, a ò jẹun. Ẹni tí ò bá dáhùn ìyẹn, kó má wulẹ̀ bá mi sọ ìyókù.

Télọ̀_Ìta_Àlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Ajórin, ẹ má bínú sí mi. Mo ti bí àbíkẹ́yìn mi kí n tó di abẹ́rẹ́ mú, iṣẹ́ yẹn ni mo sì ń jẹ lónìí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Òótọ́ lẹ sọ nípa ìtìjú. Ọmọ tí mo lè bí ló ṣáájú mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ bá wa lọ aṣọ yẹn." Mo gbà á mọ́ra. Ohun tí mi ò lè gbà mọ́ra ni pé mi ò mọ ìdí ohun tí mò ń ṣe. Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́ dénú. Á wo obìnrin lẹ́ẹ̀kan, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbí síbí, á ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Bí mo bá bi í, á ní, "Ẹ máa wo ọwọ́ mi." Mo wo ọwọ́ yẹn títí, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wá ráàyè bọ́ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan, tíṣà tẹ́ páálí sórí tábìlì. Ó ní àyà oníbàárà jẹ́ ogójì ínṣì, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di mẹ́wàá, ẹ fi ínṣì kan àbọ̀ lé e fún ojú rírán àti kí aṣọ má baà há a. Ó ya èjìká, ó jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá òde, ó ní èjìká èèyàn kì í tẹ́ rẹrẹ. Ó ya ojú apá, ó ní ti iwájú gbọ́dọ̀ jìn ju ti ẹ̀yìn lọ torí iwájú lọwọ́ ń lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni mo ti wá rí ohun tí ọwọ́ ọ̀gá mi ti ń sọ látọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé ó gé ojú apá iwájú jìn, èmi nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ ìdí tó fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n kíláàsì yẹn nìkan kò lè sọ mí di télọ̀ láéláé. Kò sí tíṣà tó máa fi páálí kọ́ ẹ bí o ṣe máa dá léèsì olówó iyebíye dúró lábẹ́ ẹ̀rọ kó má yọ̀, tàbí bí o ṣe máa dá ìyàwó ilé kan lóhùn tó gbé aṣọ wá ní Tọ́sìdeé tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sátidé. Méjèèjì náà ló ṣe mí. Ohun tó dùn mí ni pé èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá mi ò mọ̀ pé kíláàsì kan wà, tíṣà ò mọ orúkọ ọ̀gá mi.

Akọ̀wé, ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣètò ọjọ́: ẹ má fi kíláàsì aṣọ rírán sí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo Rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ló ń kó aṣọ ẹgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í sùn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ lásìkò yẹn. Ìwé lè dúró dè wọ́n di ẹ̀yìn ọdún.

Oníyèméjì_Ìlíṣàn

Gbogbo èyí dáa. Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú alága, ó parí. Àwọn tó ní HND ló ń gun ọ̀kadà kiri Rẹ́mọ. Kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Kí ẹgbẹ́ fún wọn lówó kí wọ́n fi kún ọjà wọn, ìyẹn yá jù.

Tíṣà_Ìjàgun

Ẹ kú àpérò o. Ẹ̀kọ́ àgbà niṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ gùn díẹ̀.

Ohun tí akọ̀wé ń wá kì í ṣe tuntun láyé. Ní 1906, ní yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà, Herman Schneider fi akẹ́kọ̀ọ́ 27 bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí. Ó rí i pé ẹni tó jókòó sí kíláàsì nìkan kì í mọ iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ò sì lágbára láti ra gbogbo ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ní. Ó wá pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà méjì. Ọ̀sẹ̀ yìí, ìdajì wà ní kíláàsì, ìdajì wà nílé iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á pààrọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ajórin, ẹ gbọ́ ibi tó kàn yín: ọ̀gá ilé iṣẹ́ kì í ṣàìrí ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́. Bí ti Lágbájá bá lọ, ti Tàmẹ̀dù ti dé. Àgbàlagbà méjì lè jọ di àyè ọmọ iṣẹ́ kan mú lọ́dọ̀ yín, ẹnì kan ní Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeé, ẹnì kejì ní Tọ́sìdeé sí Sátidé. Kò sí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù á ṣófo, àwọn méjèèjì á sì ráàyè tọ́jú ilé wọn.

Nílé níbí, ìjọba dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, sílẹ̀ ní 1971, ITF sì bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973. Òun ni ẹ ń rí táwọn ọmọ poli fi ń ṣe oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, tàwọn ọmọ yunifásítì ń ṣe oṣù mẹ́fà. Nígbà tí NDE, àjọ ìjọba tó ń rí sí àìríṣẹ́ṣe, dé ní 1986, wọ́n ní ètò tiwọn tó ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì fi kíláàsì ọjọ́ Sátidé tì í kí ọmọ iṣẹ́ lè mọ ìdí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹ rí i pé ọgbọ́n yẹn wà ńlẹ̀.

Kí ló wá ń bà á jẹ́? Èmi á sọ ohun tí ojú mi rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá ibi tó sún mọ́ ilé, ibi tí wọ́n á ti bá a fọwọ́ sí ìwé, ìbáà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rán an lọ ra búrẹ́dì. Ìwé àkọsílẹ̀ tó yẹ kó máa kọ lójoojúmọ́, alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ló ń kọ gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú bírò mẹ́ta kó lè jọ pé ó pẹ́. Olùkọ́ tó yẹ kó wá wò ó á yọjú lẹ́ẹ̀kan, á bèèrè ọ̀gá, wọ́n á ní ó jáde, ó tán. Ilé ẹ̀kọ́ ò bá ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ rárá.

Nítorí náà, akọ̀wé, tẹ́ ẹ bá máa náwó sórí nǹkan kan, ẹ ná an sórí ẹni tó máa máa rìn láàárín kíláàsì àti ṣọ́ọ̀bù. Kó mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yìí, Ìyá Báyìí ń gé ṣòkòtò lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí tíṣà lè kọ́ ṣòkòtò lọ́sẹ̀ yìí kan náà. Kó gbọ́ ẹjọ́ látẹnu ọ̀gá, kó gbọ́ tẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n Ajórin á fẹjọ́ ẹni tí kò wá ní Mọ́ńdè sùn. Ẹ sanwó fún un dáadáa, ẹ fún un lówó epo. Ètò tí kò bá ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Kí ìwé àdéhùn wà, tí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá àti ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí. Kì í ṣe ìwé gbọọrọ. Kó sọ iye oṣù, ọjọ́ tó ń wá, àti iṣẹ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi hàn án ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Fún aṣọ rírán: bùbá àti ìró, lẹ́yìn náà ṣòkòtò, lẹ́yìn náà kábà, lẹ́yìn náà agbádá. Kí ọ̀gá má fọwọ́ sí èyíkéyìí àfi èyí tójú ẹ̀ rí pé ó ṣe tán, tó mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Fàláwọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun. Èmi ò kàwé lọ títí, nọ́ńbà àti owó ọjà ni mo mọ̀ ọ́n kà. Ṣé mo lè kọ́ sólà? Àwọn ọmọ mi ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Tíṣà_Ìjàgun

Màámi, ẹni tó ń ṣírò owó ọjà láìlo bírò lè ṣírò sólà. Ẹ wò ó báyìí. Bátìrì olómi kan wà, 12 fólítì, 200 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́). Ẹ fi 12 sọ 200 di púpọ̀, ó di 2,400 wáàtì-wákàtí. Bátìrì yẹn kì í fẹ́ kéèyàn lò ó kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà, 1,200 lẹ ní lọ́wọ́. Oníbàárà ní òun fẹ́ tan fáànù kan tó ń jẹ 60 wáàtì àti gílóòbù mẹ́rin tó ń jẹ 10 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ 100. Ẹ fi 100 pín 1,200: wákàtí 12, ẹ yọ díẹ̀ kúrò torí ínfátà náà ń jẹ tiẹ̀. Tó bá wá ní òun fẹ́ ki fíríìjì bọ̀ ọ́, ẹ ti mọ èsì tẹ́ ẹ máa fún un kó tó náwó dànù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun òrùlé kiri ìlú yìí kì í ṣe ìṣirò yẹn, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí bátìrì àwọn oníbàárà wọn fi ń kú kó tó pọ́dún.

Gígun òrùlé àti wáyà sísopọ̀, ọ̀gá á kọ́ yín. Ìṣirò yìí, kíláàsì á kọ́ yín. Kí akọ̀wé ṣáà jẹ́ kí oṣù kìíní jẹ́ ti kíkà àti kíkọ pẹ̀lú Yorùbá fún ẹni tó bá nílò ẹ̀, kó má sí ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn láìgbọ́ nǹkan kan.

Ẹnu_Géètì

Mo ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan nítòsí ìkóríta Ṣágámù, ibi tí ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn àti Ọrẹ ti pàdé. Kí n dá Oníyèméjì lóhùn nípa ìwé.

Bí ilé iṣẹ́ bá ń wá ajórin, èèyàn tó máa wá sẹ́nu géètì pọ̀. A máa ń dán ọwọ́ wọn wò, òótọ́ ni, ọwọ́ ló máa sọ. Àmọ́ kí wọ́n tó pè ẹ́ wá dán ọwọ́ wò, wọ́n á kọ́kọ́ gba ìwé. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti fi sílẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò ní dé orí tábìlì. Mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́ ju àwọn tá a gbà lọ tí wọ́n padà sílé báyẹn.

Ìwé tí mò ń wí kì í ṣe ti fọ́tò pẹ̀lú alága. Trade test ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ipele kẹta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ipele kìíní ló ga jù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lábẹ́ ibòòji lè ṣe é, iṣẹ́ ni wọ́n á ní kó ṣe lójú wọn, wọ́n á sì bi í ní ìbéèrè. NABTEB náà wà, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Benin ní Ẹdó. Ẹni tí kò sí nílé ẹ̀kọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń ṣe níparí ọdún. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín máa fojú sùn ún láti ọjọ́ kìíní.

Nǹkan mìíràn tí ẹgbẹ́ yín lè lò: òfin ITF ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF. Bó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ lọ́nà tí ITF fọwọ́ sí, ó lè gbà tó ìdajì owó yẹn padà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ń sanwó yìí, wọn kì í padà lọ bèèrè. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe irin àti bulọọ̀kù lágbègbè yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba ẹnì kan tàbí méjì sẹ́nu iṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má lọ bẹ̀bẹ̀, ẹ lọ bá wọn dúnàádúrà.

Oníyèméjì_Ìlíṣàn

Ẹnu_Géètì, mo gbọ́ ti trade test. Ti ITF yẹn, ẹ ò tíì rí ìwé tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kó wá. Ṣùgbọ́n ó dáa, mi ò tako mọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Jámánì

Ẹ kú ilé o. Jámánì ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà tí mo ti dàgbà. Àwọn èèyàn máa ń pọ́n ètò wọn lé, ó sì tọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kó dúró.

Látìgbà òfin 1969 tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì nílé ẹ̀kọ́, fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ń sanwó fún un lóṣooṣù. Ṣé ẹ rí i, Ọlọ́kadà_Ògèrè? Wọ́n dáhùn ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó dáhùn èyíkéyìí. Fún àgbàlagbà tó fẹ́ yí iṣẹ́ padà, wọ́n ní ètò tó yá jù, ọdún méjì ló sábà máa ń jẹ́, ìjọba ló sì ń bá ọ̀pọ̀ sanwó ẹ̀ nípasẹ̀ ọ́fíìsì tó ń wáṣẹ́ fúnni. Wọ́n gbà pé àgbàlagbà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò àti bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò nílò ọdún kan láti fi kọ́ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ajórin, ọdún kìíní tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́ fi ń ba irin jẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mélòó nínú ẹ̀ ló jẹ́ irin, mélòó ló jẹ́ ìwà ọmọdé?

Èyí tó wù mí jù ni pé ọ̀gá tó kọ́ ẹ kọ́ ló máa sọ pé o yege. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ní àgbègbè yẹn ló ń yan àwọn tó máa dán ẹ wò. Bí ọ̀gá bá fi oṣù mẹ́fà rán ẹ níṣẹ́ ilé, ojú ẹ̀ á là lọ́jọ́ ìdánwò, orúkọ ẹ̀ á bàjẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ ní ẹgbẹ́ ajórin, ẹ ní ẹgbẹ́ télọ̀. Ẹ lò wọ́n.

Ìṣúra_Ìpẹru

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa, owó lèmi ń rí. Akọ̀wé, ẹ ní ẹ máa yá wọn lówó irinṣẹ́. Ẹ má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́! Owó tó bá wọ àpò ọlọ́mọ ní Oṣù Kẹsàn-án, owó ilé ìwé ló ń di. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra ẹ̀, kí ẹ̀rọ náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ títí gbèsè á fi tán. Kí sísan má bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti ń gbaṣẹ́ gidi. Kí onídùúró méjì wà bó ṣe máa ń wà. Kí ọ̀kan nínú àwọn onídùúró má ṣe jẹ́ ẹni tí òun náà wà lórí ètò.

Ẹ tún wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Ìlànà karùn-ún nínú méje tí àwọn alájẹṣẹ́kù káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé, ẹ̀kọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Púpọ̀ nínú wa máa ń ya owó kan sọ́tọ̀ fún un nínú èrè ọdún, a wá ń fi ra ìrẹsì ìpàdé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sanwó ẹni tó ń rìn láàárín. Ẹ má fọwọ́ kan owó tí àwọn èèyàn ń fi pamọ́.

Ní ti oúnjẹ Ọlọ́kadà: ẹgbẹ́ ò lè bọ́ ilé ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́sàn-án, kí a má purọ́ fún un. Ohun tá a lè ṣe ni ká jẹ́ kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó ti gun ọ̀kadà láti àárọ̀. Kí ọ̀gá sì máa fún un ní nǹkan kan látìgbà tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bá ti ń di títà. Kó wọ inú ìwé àdéhùn, kó má jẹ́ àánú.

Ọlọ́kadà_Ògèrè

Èyí yé mi. Aago mẹ́rin, mo lè wá. Ọjọ́ ọ̀gá ni kẹ́ ẹ bá mi wò sí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ti pọ̀ jù. Méjì ńkọ́, kí n fi oṣù díẹ̀ gùn ún sí i?

Ajórin_Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọmọ_Ìjẹ̀bú, o gbá mi létí, àmọ́ mi ò bínú. Ìwà ọmọdé pọ̀ nínú ọdún kìíní lóòótọ́.

Ti ẹni méjì lórí àyè kan yẹn ló yí mi lọ́kàn padà, kì í ṣe ti Jámánì. Bí mo bá mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni mo máa rí ọwọ́ kan, mo lè gbà. Ní ti owó tèmi: kí ẹgbẹ́ san owó ìkọ́ṣẹ́ fún mi ní ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, ìdajì tó kù lọ́jọ́ tí wọ́n yege trade test. Bí wọn ò bá yege, ẹ di ìdajì yẹn mú. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Iṣẹ́ tèmi léwu. Ẹni tó bá wo iná wẹ́dà lásán, kò ní mọ nǹkan kan lọ́sàn-án. Lóru lojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, kò ní sùn, á máa sunkún bí ọmọdé. Àwọn ọ̀gá kan ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́, wọ́n á ní bó bá ti ta á lẹ́ẹ̀kan kò ní wò ó mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ra ìbòjú gidi, gíláàsì dúdú gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti ìbọ̀wọ́ awọ, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ ṣọ́ọ̀bù mi. Kó sì wà nínú ìwé ẹni tó máa sanwó ọsibítù bí iná bá jó ẹnì kan. Ọmọ ẹlòmíràn ni, ọkọ ẹlòmíràn ni.

Télọ̀_Ìta_Àlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Kí wọ́n fi ti ẹ̀rọ wa náà kún un: abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ oníná ti gún ìka ọ̀pọ̀ èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù.

Akọ̀wé_Mákùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo sì gbé e lọ sípàdé ìgbìmọ̀. Ibi tá a dé rèé.

Wọ́n gbà pé kí ẹni tó ń rìn láàárín wà, owó ẹ̀ á sì jáde látinú owó ẹ̀kọ́ bí Ìṣúra ṣe wí. Ẹni méjì á máa jọ di àyè kan mú. Kíláàsì di aago mẹ́rin sí méje ní Túsìdeé àti Tọ́sìdeé. Bí ọjọ́ ọjà ńlá bá bọ́ sí ọ̀kan, a ó sún un. Ọlọ́kadà, ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá, oṣù méjìlá dípò mẹ́sàn-án, wọ́n gbà fún ẹ. Ìdajì owó lẹ́yìn trade test náà wọlé, alága tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Ajórin mọ òwò ju òun lọ. A ó ra ìbòjú. Ti ọsibítù la ò tíì yanjú, àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ dá owó pàjáwìrì sílẹ̀, àwọn kan ní ó máa pọ̀ jù. A máa padà sórí ẹ̀.

Ti ilé iṣẹ́ àti ITF, Ẹnu_Géètì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọjú sí wa ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun tá a lè fi fóònù sọ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Fàláwọ̀

Ẹ fi orúkọ mi sí sólà o. Àwọn ọmọ mi á rí mi lórí òrùlé.

Ọmọ_Ọ̀dọ̀gbólú

Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ yín, Ọ̀dọ̀gbólú ni mo wà. Ṣé mo lè wá kọ́ aṣọ rírán?

Akọ̀wé_Mákùn

O gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kó tó di pé a yá ẹ ní ẹ̀rọ, kó o sì ti máa fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Àmọ́ kíláàsì ò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, bó o bá ní ẹ̀rọ tìẹ, tó o sì ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wa ní Ọ̀dọ̀gbólú níbẹ̀. Wá gba fọ́ọ̀mù.

Ajórin_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kọ orúkọ tèmi sílẹ̀. Àyè kan péré, ẹni méjì. Kí wọ́n má wọ sílípáàsì wá o, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni, kí ṣòkòtò wọn má sì jẹ́ ti náílọ́nì.